Iná Pupa Lára Ṣájà

Dígí ńlá náà fara ti ògiri pálọ̀, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Ìyá ìyàwó Tíṣà ló ni ín nígbà ayé rẹ̀, òun nìkan sì ni ìyàwó Tíṣà rí mú nínú ẹrù ìyá náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá wò ó ní ọ̀sán. Tíṣà ti búra pé kí wọ́n tó wọlé, dígí yóò ti wà lára ògiri, ọwọ́ òun ni yóò sì gbé e kọ́. Àwọn àna rẹ̀ yìí ti sọ ọ́ sí i létí rí pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n dírílì tí yóò fi lu ògiri kò fọhùn.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ṣájà sórí tábìlì, ó ki bátìrì dírílì bọ̀ ọ́, ó sì kó ọwọ́ sẹ́yìn. Bí iná bá ń wọ bátìrì, àwọ̀ ewé ni gílóòbù kékeré ara ṣájà máa ń tàn. Pupa ló tàn, ó sì ń ṣẹ́jú.

"Kí ni iná pupa ń sọ fún wa?" ni ó bi ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń kun èékánná rẹ̀ de àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ ni, ó kàn ń dán bí omi.

"Ó ní ká pe káfíńtà."

"Rárá o. Ó ní iná kò wọ bátìrì. Kí ló dé tí kò fi wọ̀ ọ́? Ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà. Ibi tí iná ti ń wá la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Òótọ́ ni, Bàbá wọn. Ọwọ́ yín ni mo ń wò."

Tíṣà yọ ṣájà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi fáànù rọ́pò rẹ̀. Fáànù yí, ó sì fẹ́ kàlẹ́ńdà ara ògiri sókè. Kàlẹ́ńdà mẹ́rin ló wà ní pálọ̀ náà, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti ọdún tó ti kọjá. Lábẹ́ èyí tí fáànù gbé sókè, ihò kan tó tó ẹyin adìyẹ, iṣẹ́ ọwọ́ dírílì rẹ̀, hàn. Tíṣà gbójú kúrò. Bíríkì burúkú ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Ó ti ṣàlàyé èyí lọ́jọ́ tí ògiri balùwẹ̀ tu omi sí i lójú, ó sì tún un ṣàlàyé lọ́jọ́ tí aago já lulẹ̀.

"Iná wà nílé," ni ó wí. "A ti fagi lé ìyẹn. Kí ló kù?"

"Ó ku káfíńtà."

Tíṣà fọwọ́ kan bátìrì bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná. Bátìrì tó bá gbóná, ó ṣàlàyé, kì í gba iná. Èyí tutù. Ó dà á dé, ó sì gbé eyín irin tó fi ń gba iná lára ṣájà síwájú ìmọ́lẹ̀.

"Wá wò ó. Kò sí ìpẹtà, kò sí ìdọ̀tí. Àní ó ń dán ju ìgbà tí mo rà á lọ. Bí èèyàn ṣe ń tọ́jú irinṣẹ́ nìyẹn."

"Ẹ kú ìtọ́jú," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì rọra fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí èékánná rẹ̀.

Tíṣà mú bátìrì rẹ̀ kejì. Òun náà ń dán. Ó dá ṣájà padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ki bátìrì náà bọ̀ ọ́, iná pupa tún ń ṣẹ́jú. Inú Tíṣà dùn bí ẹni tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ gba gbogbo máàkì.

"Bátìrì méjì kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, kí ló kú?"

"Ṣájà."

"O káre. Wá, bá mi pe káfíńtà. Ṣájà rẹ̀ ni mo fẹ́ yá o, n kò ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ wá."

Káfíńtà wá láti òdìkejì títì, ó gbé ṣájà àti bátìrì tirẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú. Irú dírílì kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Tíṣà ki bátìrì tirẹ̀ bọ ṣájà káfíńtà. Pupa.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Tíṣà wí. "Tìẹ náà ti kú."

Káfíńtà fi bátìrì tirẹ̀ sínú ṣájà Tíṣà. Àwọ̀ ewé.

Tíṣà wo ṣájà kan, ó wo èkejì.

"Àwọn bátìrì ló kú nígbà náà," ni Tíṣà wí níkẹyìn. "Ìbejì ni wọ́n. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, Tíṣà," ni káfíńtà wí.

Ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́nu títì. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti dé ìtòsí. Tíṣà wo dígí, ó wo ògiri, ó gbé ojú sílẹ̀, ó sì mi orí sí káfíńtà. Káfíńtà fi ìka gbá ògiri, ó tẹ́tí sí i, ó ki bátìrì rẹ̀ bọ dírílì Tíṣà, ó lu ihò méjì, ó sì gbé dígí kọ́. Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ pé, "Rọra. Bẹ́ẹ̀ ni. Rọra." Dígí náà kò wọ́ sọ́tùn-ún, kò wọ́ sósì.

Ẹ̀gbọ́n àgbà wọlé, ó rí ojú ara rẹ̀ níbi tí ìyá wọn ti máa ń wé gèlè, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló gbé e kọ́ dáadáa báyìí?"

"Bàbá wọn ló dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin," ni ìyàwó Tíṣà dáhùn.

Ara Tíṣà yá. Kí àwọn àlejò tó jẹun tán, ó ti lọ ra bátìrì tuntun dé. Ó kì í bọ ṣájà, iná àwọ̀ ewé tàn, ó sì pe gbogbo ilé wá wò ó.

"Lọ́la," ni ó wí, "mo máa gbé aago kọ́ sókè dígí yẹn gan-an."

Àwọn ẹ̀gbọ́n kí i kú iṣẹ́, ó sì sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀.

Bí ilẹ̀kùn ti pa dé lẹ́yìn wọn, ìyàwó rẹ̀ yọ bátìrì tuntun náà, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì lójú fèrèsé, ó fẹ̀sọ̀ kun eyín irin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti kun ti bátìrì ìbejì níjelòó, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ, ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀.