Iná Tó Jó Oko Fàsásì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán.

1. Nígbà ọyẹ́ ọdún 1987, Boniface, àgbẹ̀ kan ní Ìyẹrè tí wọ́n tún ń pè ní Bàbá Agatha, ń lé òkété. Ó kó koríko gbígbẹ sẹ́nu ihò, ó ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó di oko kòkó Fàsásì, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Boniface sá wálé, ó wẹ̀, ó jókòó síwájú ilé bí ẹni tí kò jáde láti àárọ̀. Oko tí Fàsásì fi ọdún mẹ́rìndínlógún tọ́jú jóná ráúráú.

2. Wọ́n wádìí. Sàlímọ́tù, ìyàwó Fàsásì, ló sun iṣu lóko lọ́jọ́ náà. Gbogbo ojú yí sí i.

“Mo bu omi pa iná mi! Bàbá Agatha, ẹ̀yin náà gba ọ̀nà oko kọjá. Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan ni?”

Boniface wolẹ̀. “N ò lọ síbì kankan.”

Fàsásì kó ẹrù ìyàwó rẹ̀ síta. Obìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìdoàní.

3. Ẹ lè rò pé Boniface ti bọ́. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Fàsásì ń wá jókòó tì í.

“Boniface, obìnrin yẹn ló pa mí.”

“Pẹ̀lẹ́.”

Ọdún mọ́kànlá ló fi ń sọ pẹ̀lẹ́, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú ẹnu rẹ̀. Ìbínú yẹn ni Fàsásì bá kú.

4. Lẹ́yìn ìsìnkú, Boniface wọ mọ́tò lọ sí Ìdoàní. Ó bá Sàlímọ́tù níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí.

“Sàlímọ́tù, èmi ni mo dáná ọjọ́ náà.”

Obìnrin náà kò gbójú sókè. “Mo ti fura, ó pẹ́.”

“Bú mi. Fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.”

“Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá Agatha. Ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ ti wà ní sàréè. Ẹ máa lọ.”

Boniface jókòó tì í. Ó ń retí èpè. Sàlímọ́tù bó ẹ̀gúsí rẹ̀ tán, ó gbé àwo wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ṣọ́ra o! Bí ẹlòmíràn bá jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, má ṣe yọ̀. Jẹ́wọ́ nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì wà láyé. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.