Ọwọ́ Ìbọn Ọbáfẹ́mi

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ọbáfẹ́mi gun ọ̀kadà láti Ìṣẹ́ wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ó di ìbọn rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó gbé e lé itan. Ó kọjá alágbẹ̀dẹ méjì lójú ọ̀nà kó tó yà sọ́dọ̀ Fámúyìwá.

Fámúyìwá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun nìkan ló jókòó ti ẹwìrì.

"Ẹ kú uṣẹ́, bàbá."

"O káàbọ̀. Kí ló ṣe ìbọn?"

"Ìbọn ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ni."

Ó na ọwọ́ òsì. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ní bí òun bá fi ọwọ́ gbé abẹ́ irin ìbọn bí àwọn ọdẹ ti í gbé e, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Òun fẹ́ ọwọ́ kan tó máa dúró ní òòró lábẹ́ rẹ̀, bíi ti ìbọn àwọn sójà, tí ìka méjì lè gbá mú. Ẹgbẹ́ ọdẹ fẹ́ wọ igbó tó wà láàárín Ìṣẹ́ àti Ẹmùré lọ bá àwọn ajínigbé.

"Sátidé ni. Mo gbọ́dọ̀ lọ."

Fámúyìwá gbé ọwọ́ oníke dúdú kan sílẹ̀, tí ẹnì kan rà fún un ní Àkúrẹ́. Ọbáfẹ́mi dì í mú, ó mi orí. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n òógùn á jẹ́ kó máa yọ̀. Alágbẹ̀dẹ mú páìpù kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà wé. Ìyẹn nípọn jù, ìka méjèèjì ò pàdé. Ó wá wá igi apá kan jáde, ó ń fi fáìlì fá a díẹ̀díẹ̀, ó ń fi í wọn ọwọ́ Ọbáfẹ́mi.

"Àdá ni?" Kò gbé ojú sókè.

"Àdá ni."

"Níbo?"

"Ọ̀nà Ẹmùré. Lóṣù keje èṣí." Ọbáfẹ́mi wo fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ agùnbánirọ̀ lára ògiri, ó sì wolẹ̀. "Kì í rọrùn fún mi láti sọ, bàbá."

Fáìlì dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún ń lọ.

Oṣù keje èṣí, lójú ọ̀nà yẹn, ni wọ́n dá ọkọ̀ tí Ayọ̀túndé wọ̀ dúró. Òun nìkan ni ọmọ tí Fámúyìwá bí. Wọ́n kó àwọn èrò yòókù wọgbó. Ayọ̀túndé kọ̀, kò lọ, wọ́n sì fi àdá ṣá a lọ́rùn. Dẹ́rẹ́bà tó sá wọ oko kòkó sọ pé òun bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Òun rí ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ lórí ọmọ náà, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́ rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni Fámúyìwá kì í ti í wo ojú ènìyàn mọ́. Ọwọ́ wọn ló ń wò.

"Alágbẹ̀dẹ wà ní Ìṣẹ́," ó ní. "Kí ló gbé ọ débí?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó ṣe é."

"Fi í sílẹ̀. Wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì."

Nígbà tí ọ̀kadà lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn. Ó de igi apá náà mọ́ ìbọn, ó fi epo pa á títí ó fi ń dán. Kò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló tú irin ìbọn, ó sì ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, níbi tí ojú ò lè dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọwọ́ igi náà bá ìka Ọbáfẹ́mi mu rẹ́gí. Ó ní kí òun yìn ín wò.

"Má fi ọta ṣòfò. Fi í pamọ́ di ọ̀la."

Ọbáfẹ́mi dọ̀bálẹ̀ nínú èédú. Kò tètè dìde. "Bí mo bá dé, bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ."

"Lọ ná."

Etí odò kan ni wọ́n ti pàdé àwọn ajínigbé, lọ́sàn-án gangan. Àwọn yẹn ló kọ́kọ́ yìnbọn. Ọta wọ ọrùn ọdẹ kan tó ń jẹ́ Elijah, ó sì ṣubú sínú omi. Ọbáfẹ́mi fara ti igi, ó di ọwọ́ igi náà mú, ó dojú ìbọn kọ ajínigbé kan tó ń ki ọta bọ ìbọn tirẹ̀, ó yìn ín. Irin ìbọn là sí méjì. Èyí tó fò sẹ́yìn gba ojú rẹ̀ wọlé, ó gbé àgbọ̀n lọ. Ajínigbé náà wá bá a nílẹ̀, ó ṣá a lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sá lọ. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé Ìṣẹ́, wọ́n ní láti tú ìka méjèèjì kúrò lára igi náà.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni ìròyìn dé Ìkẹ́rẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló yìn ín?" Fámúyìwá bi ẹni tó wá sọ ọ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó wọlé, ó gúnyán, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ti tó ọdún kan tí oúnjẹ ti dùn lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan tó wọ dúdú wá sí àgbẹ̀dẹ. Adéfúnkẹ́ ló ń jẹ́, ìyàwó Ọbáfẹ́mi. Ó ru iṣu mẹ́ta wá. Ó ní ọkọ òun ló sọ pé, bí òun ò bá dé láti igbó, kí ìyàwó òun wá jíṣẹ́ fún bàbá. Fámúyìwá ní kó jókòó.

"Ojú ń tì í láti sọ fún yín láì tíì mú ẹni tó pa ọmọ yín," Adéfúnkẹ́ sọ, "ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ mọ̀ pé nígbà tí òun ń ti oko bọ̀ lọ́jọ́ náà, òun fi ọwọ́ lásán gbá àdá mú lọ́rùn Ayọ̀túndé, àdá náà gé ọwọ́ òun, òun sì kúnlẹ̀, òun fi ọwọ́ yẹn dí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú, kó má baà dá nìkan kú lójú ọ̀nà."