Ẹja Ojú Apẹ̀rẹ̀

Ìwà kan wà lára Ṣótúndé tó bà á jẹ́: ó fẹ́ràn kí ojú nǹkan dára, kò sì bìkítà nípa inú rẹ̀. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìdí tòmátì ìyá rẹ̀ ní ọjà Sàngó ló ti kọ́ ọ ní kékeré, níbi tí wọ́n ti ń to èyí tó pọ́n dáadáa sí ojú apẹ̀rẹ̀, tí èyí tó ti rọ̀ á wà nísàlẹ̀. Gbogbo wa la mọ àṣà yìí. Oníbàárà náà mọ̀ ọ́n. Á tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n fi ènì sí i, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nígbà tí Ṣótúndé kàwé tán, ó gba yàrá kan lókè ilé àwọn tó ń ta táyà ní Sàngó, ó sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ran àwọn tó ń kó oúnjẹ lọ tà ní òkè òkun lọ́wọ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń béèrè kí oúnjẹ tó wọlé: bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ dì í, ohun tí kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀. Ṣótúndé ló yẹ kó ṣàlàyé èyí fún ọlọ́jà, kó sì bá a tún ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí ló ṣe pàtàkì. Tí ìwé bá ti jáde, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Àlàájà Mọ̀nsúrát wá bá a láti Igbẹ́sà. Òun ni olórí àwọn obìnrin kan tó ń yan ẹja àrọ̀ níbẹ̀. Ephraim, ọmọ Ọ̀tà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú òyìnbó, ti ní òun á máa ra gbogbo ẹja wọn. Àwọn obìnrin náà ti ní kí àwọn oníbàárà wọn ní Sàngó àti Àgbárá lọ wá ibòmíràn, nítorí wọn ò ní lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ọjà òkè òkun yìí nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Ṣótúndé lọ wo ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Àlàájà mú un yípo, kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ó fi òkìtì páléètì hàn án, ìyẹn pákó tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń to ẹrù lé.

“Bùọ̀dá, látìgbà tí òjò ti dé, igi oko ò gbẹ mọ́. Páléètì tó ti fọ́ tá à ń rà l'Ágbárá la fi ń yan èyí tó pọ̀ jù. Ó ń jó dáadáa, àmọ́ ọ̀dà wà lára òmíràn, èéfín rẹ̀ sì dúdú. Ṣé kò ní í dí wa lọ́wọ́ lọ́hùn-ún?”

Ṣótúndé mọ̀ pé á dí wọn lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kó sọ kò pọ̀: ẹ pààrọ̀ igi, kí Ephraim ní sùúrù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún Ephraim pé ẹja náà á tètè dé.

“Èyí tí ẹ yan fún jíjẹ ilé ńkọ́, Àlàájà?”

“Igi oko la fi yan ìyẹn. Ó wà lẹ́yìnkùlé mi.”

“Ìyẹn ni kí ẹ fún mi. Òun ni màá gbé lọ fún àyẹ̀wò.”

Àlàájà wò ó. “Èyí tó ń lọ gan-an wá ńkọ́?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣáà to èyí tó pupa dáadáa sí ojú páálí. Mo mọ iṣẹ́ mi.”

Torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni lóòótọ́, Àlàájà gbà á gbọ́. Ẹja ẹ̀yìnkùlé yege, ìwé ẹ̀rí jáde. Àwọn obìnrin náà ṣàdúrà fún Ṣótúndé títí òun alára fi gbàgbé pé ẹja tó yege kọ́ ni wọ́n kó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Àwọn olùyẹ̀wò lọ́hùn-ún kò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì béèrè ènì. Wọ́n tú páálí, wọ́n mú ẹja láti ìsàlẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdọ̀tí èéfín tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí òfin wọn gbà lọ.

Ephraim pe Ṣótúndé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dáná sun ẹja náà.”

“Èyí tó wà nísàlẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ẹja àwọn Àlàájà ò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Ẹ má bínú, mi ò lè bá yín ṣe mọ́.”

Ṣótúndé gbé fóònù kalẹ̀. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ táyà nísàlẹ̀. Ó retí kí ẹ̀rù bà á, ó retí ẹkún, kò sí èyí tó wá. Ńṣe ni gbogbo ara rẹ̀ kàn kú.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Igbẹ́sà. Kò sí iná nínú ààrò kankan. Àwọn obìnrin náà jókòó sábẹ́ páànù, ẹnikẹ́ni ò bú u. Àlàájà fún un ní àga, ó bu omi fún un.

“Ṣé igi yẹn náà ni?”

“Igi náà ni, Àlàájà.”

Obìnrin náà mi orí fún ìgbà díẹ̀. Kò gbé ohùn sókè.

“À bá ti pààrọ̀ igi,” ló wí. “Tí ẹ bá sọ fún wa ni, à bá ti pààrọ̀ igi.”

Ṣótúndé di ife omi náà mú. Kò lè mu ún, kò sì lè gbé e kalẹ̀.

Àwọn oníbàárà àtijọ́ ti rí ẹlòmíràn, wọn ò padà wá. Àwọn obìnrin kan lọ ń ro oko ẹ̀gẹ́, àwọn kan lọ wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ọ̀tà, kò sì sí ọlọ́jà tó gun àtẹ̀gùn Ṣótúndé mọ́. Ó fi ọ́fíìsì sílẹ̀. Lónìí, ó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan l'Ágbárá, níbi tí wọ́n ti ń ta páléètì tó ti fọ́. Ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá rà á.

“Ẹ má fi yan nǹkan jíjẹ o.”

“Kò burú, bàbá.”

Wọ́n á dì í sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n á kọrí sí ọ̀nà Igbẹ́sà. Kì í wò wọ́n lọ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ran ọlọ́jà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín. Ìlànà òkè òkun kì í ṣe ọ̀tá tá a gbọ́dọ̀ tàn jẹ; ọjà la ní láti tún ṣe. Ẹni tó bá fi àléébù rẹ̀ hàn yín ti fọkàn tán yín, ẹ má ṣe bá a bò ó mọ́lẹ̀. Òótọ́ tí Ṣótúndé kò sọ nígbà tí igi ṣì ṣeé pààrọ̀ ló ń sọ lójoojúmọ́ báyìí, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ọ.