Ìràwọ̀ Kan láti Àpòmù

Láti ìgbà tí Alàájà Àṣíáwù ti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì lórí ìtọ́jú oníbàárà ní Ìbàdàn ni ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Ìkirè ti ní fóònù tirẹ̀. Bàlíkísù ni wọ́n fi sídìí fóònù náà. Bí oníbàárà bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, Bàlíkísù á kí i lórí Wásáàpù. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá adìẹ ṣì kù, ó gbọ́dọ̀ dáhùn kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ẹni tí oúnjẹ bá dùn mọ́ lẹ́nu á fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí ẹ̀rọ ayélujára, Alàájà á sì máa fi í han àlejò bí ẹni ń fi fọ́tò ọmọ tuntun hàn.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò ti Ìbàdàn wá.

"A kì í fi fóònù bẹ àgbà," ni Alàájà máa ń wí. "Ọ̀dọ́ tó bá bínú, ẹ kọ̀wé sí i. Àgbà tó bá bínú, ẹ gbé oúnjẹ dání, kí ẹ lọ kúnlẹ̀ nílé wọn, títí wọ́n á fi yọ́nú."

Oúnjẹ ẹ̀bẹ̀ yìí nìkan ni ọ̀fẹ́ tó ń jáde nílé náà. Nígbà kan, Bàlíkísù béèrè bóyá wọ́n lè máa fi èyí tó bá ṣẹ́kù ta àwọn arúgbó lọ́rẹ. Alàájà ní bí wọ́n bá ń pín in, ta ló máa rà á? Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún, ìràwọ̀ kan ṣoṣo dé láti Àpòmù. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Tíṣà Titus, olùkọ́ ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé òkúta wà nínú ìrẹsì, ó sì ti kán wọn léyín. Bàlíkísù ló kà á sókè nílé ìdáná. Edith, tó ti ń se ìrẹsì níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, fìdí lé àpótí.

"Mo ṣà á," ló wí. "Bàlíkísù, ìwọ náà rí i pé mo ṣà á."

"Mo rí yín, Àǹtí."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàlíkísù gbé oúnjẹ, ó gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù. Nígbà tó padà dé, abọ́ ti ṣófo.

"Ṣé wọ́n dárí jì wá?" ni Alàájà béèrè.

"Wọ́n jẹun dáadáa, mà. Wọn ò tíì sọ tìyẹn."

"Tún lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó lọ. Ó tún lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń lọ. Edith lọ ra awò ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹta, inú oòrùn ló sì máa ń tẹ́ ẹ sí kó tó gbé e kaná. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀sẹ̀ kan, Edith fẹ́ fi itan adìẹ kún oúnjẹ ẹ̀bẹ̀ náà.

"Ẹ má fi ẹran sí i, Àǹtí," ni Bàlíkísù wí. "Moínmoín ni kí ẹ fi kún un. Nítorí eyín wọn."

Omi lé ròrò sójú Edith nígbà tó gbọ́ eyín. Ojú ti Bàlíkísù débi pé kò lè jẹun ọ̀sán.

Nígbà tó yá, àwọn tó fẹ́ ṣe ìkómọ rí ìràwọ̀ náà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Gbọ̀ngán. Alàájà pe Edith.

"Bí ìràwọ̀ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ yìí, Edith, wàá máa lọ sílé. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ."

Edith ní ọmọ méjì, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn. Ó dúpẹ́, ó padà sídìí iná. Bàlíkísù mú fóònù ara rẹ̀ jáde nínú àpò, ó wò ó títí, ó sì dá a padà.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, Edith bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Èmi fúnra mi ni mo máa lọ kúnlẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n dá lọ. Mo bẹ̀ yín."

"A ti jẹ́ kó pẹ́ jù. Ẹni tó ṣẹ̀ ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀."

Orí ọ̀kadà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì gùn, oúnjẹ wà láàárín wọn. Lójú ọ̀nà, Edith béèrè irú èèyàn tí Tíṣà jẹ́.

"Èèyàn dáadáa ni wọ́n," ni Bàlíkísù dáhùn.

"Kí ló wá dé tí wọn ò lè dárí jini?"

Bàlíkísù ní kí ọlọ́kadà rọra, kí oúnjẹ má bàa dànù.

Wọ́n bá bàbá arúgbó kan lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti mú ṣíbí dání. Edith kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní òun ni òun se ìrẹsì náà. Ó ní òun ṣà á, ṣùgbọ́n ojú òun ni kò ríran dáadáa. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, nítorí àwọn ọmọ òun, kí wọ́n pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Bàlíkísù dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

Tíṣà Titus wo Edith tìyanu-tìyanu, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, ẹnu wọn sì ṣófo bí ẹnu ọmọ jòjòló. "Òkúta wo, ọmọ mi? Mi ò ní fóònù, bẹ́ẹ̀ ni ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí eyín ti tán lẹ́nu mi. Dìde, kí o bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Alàájà yín. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni Bàlíkísù yìí. Ó wá kí mi ní oṣù kẹta, ó bá mi níbi tí mi ò ti jẹun fún ọjọ́ méjì. Láti ìgbà náà ni Alàájà ti ń fi oúnjẹ rán an sí mi."

Kí Edith tó dìde lórí eékún rẹ̀, Bàlíkísù ti gbé abọ́ náà fún Tíṣà, ó ti mú fóònù ara rẹ̀ jáde, ó sì ti fi àtàǹpàkò kan pa ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ lórúkọ wọn rẹ́.