Òfin Gọ́tà Tuntun

Igi àkọ́kọ́ kán mọ́ ọkùnrin tí wọ́n fi àpò bò lójú lẹ́yìn. Alága àdúgbò ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.

"Mo kìlọ̀ fún gbogbo ará Bàrígà! Gọ́tà tí ìjọba ń bọ̀ wá ṣí lónìí, ẹni tó bá da pàǹtí sí i, ó gbé!"

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé kí wọ́n fi àpò bo ojú arúfin, kí wọ́n sì fi aṣọ dí i lẹ́nu, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́.

"Ṣé ẹ ká pàǹtí mọ́ ọn lọ́wọ́?"

"Báàgì méjì, sà," ni ẹ̀ṣọ́ tuntun tí wọ́n gbà láti Fádèyí dáhùn. "Ẹrẹ̀ bò ó dé àyà."

Igi kejì bà á lórúnkún, eegun sì ró kà. Ó ṣubú lulẹ̀.

Ìgbà náà ni alága gbọ́ ìró omi. Gọ́tà tó ti dí láti ọjọ́ Jímọ̀ ti ń ṣàn geere.

Ó fa àpò náà kúrò, ó yọ aṣọ lẹ́nu ẹni tó wà nílẹ̀.

Bàbá alága tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti kó pàǹtí inú rẹ̀ tán, ọmọ mi, kí àwọn àlejò ẹ tó dé."