Sátidé Tí Wọ́n Fẹ́ Lọ Wo Erin

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni ìyàwó Bàbá Erin sọ ọ́, bó ṣe ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Sátidé tó ń bọ̀ yìí, gbogbo wa là ń lọ sí ọgbà ẹranko. Ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sinmi mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ń gé èékánná lórí àpótí. Díẹ̀ ló kù kó gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

"Sátidé kẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kánjú?"

"Ẹ bi ọmọ yín."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Aláròyé ni gbogbo ilé ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ àfi tó bá sùn.

"Dádì, àwọn ọmọ kíláàsì wa ní irọ́ ni mò ń pa," ló wí. "Wọ́n ní kò sí bàbá ẹnì kankan tó ń fún erin lóúnjẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di Mọ́ńdè, màá mú fọ́tò yín wá. Tí mi ò bá mú un wá, wọ́n ní Onírọ́ lorúkọ mi títí a ó fi jáde."

Bàbá Erin rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tó ti fún erin lóúnjẹ kẹ́yìn. Ọjọ́ kan ló gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ọgbà erin. Ìyá arúgbó erin náà rọra jáde, kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ó kàn jẹ gbogbo òdòdó iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá wọn tán pátá. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò lẹ́nu láti sọ ọ́ nílé. Àràárọ̀ ló ń wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù náà jáde. Tó bá dé òdìkejì ìlú, níbi tí wọ́n ti ń la pákó, á pààrọ̀ sí àkísà, á ru pákó títí dìrọ̀lẹ́, á wẹ̀, á wọ aṣọ búlúù padà, á sì gbé ìtàn kan bọ̀ wálé. "Erin tún tu omi sí mi lára lónìí." Aláròyé á rẹ́rìn-ín títí á fi ṣubú.

Ìyàwó rẹ̀ ju aṣọ búlúù náà sínú bàsíà kan náà pẹ̀lú aṣọ ọmọ, ó ń fi ọṣẹ ra á. Nígbà kan, aṣọ yìí ní bàsíà tirẹ̀, omi gbígbóná ló fi ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí á máa pòṣé, tí á sì máa dímú nítorí òórùn erin. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, orin ló ń kọ lábẹ́nu.

"Ó mà jìnnà o," ni ọkọ wí. "Bọ́ọ̀sì méjì lẹ máa wọ̀."

"Ẹsẹ̀ wa ò kúkú kán."

"Òjò lè rọ̀."

"A ó mú agboòrùn dání."

"Mi ò ní ráyè tiyín. Ẹnu iṣẹ́ ni màá wà."

"Iṣẹ́ yẹn gan-an la fẹ́ wá wò." Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì tẹ̀ ba aṣọ. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá Aláròyé. Ó máa dáa."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ìyàwó, tó jẹ́ aránṣọ, jáde lọ ra òwú. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kò sì sí òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó kọ ohun tí wọ́n máa kó dání: búrẹ́dì, ẹyin sísè, omi, fìlà ọmọ. Aláròyé lẹ ìwé náà mọ́ ògiri. Gbogbo ìgbà tí Bàbá Erin bá gba ibẹ̀ kọjá ló ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò ju Sátidé lọ. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó pinnu pé òun á kúkú jẹ́wọ́.

"Ìyá Aláròyé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́—"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí aṣọ oníbàárà yìí ná," ni obìnrin náà wí, ó sì wa máṣíìnì débi pé èèyàn ò lè gbọ́ nǹkan míì nínú yàrá.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kò lọ ru pákó. Ọ́fíìsì ọ̀gá àtijọ́ ló gbà lọ. Òkúta làwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá náà, torí kì í gbẹ̀bẹ̀. Bàbá Erin kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ kọ́ ni mo wá tọrọ. Wákàtí kan péré. Ọmọ mi ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tẹ́ lójú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n—"

Òkúta ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lára ògiri, ó jù ú sí i lọ́wọ́.

"Aago mẹ́wàá. Wákàtí kan ni o. Tó o bá tún gbàgbé ilẹ̀kùn yẹn, ìwọ lo máa gbin òdòdó."

Ní Sátidé, ìyá àti ọmọ dé lásìkò. Bàbá Erin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ erin pẹ̀lú garawa ọ̀gẹ̀dẹ̀. Aláròyé ń pariwo fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, "Dádì mi nìyẹn! Ẹ wò ó, dádì mi ni!" Ìyàwó ya fọ́tò mẹ́fà. Ó bi ọkọ rẹ̀ létí gbogbo èèyàn pé, "Ọ̀gá, kí lerin yìí máa ń jẹ láàárọ̀?" Bàbá Erin nàró ṣánṣán, ó dáhùn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń dúpẹ́ pé àṣírí òun bò.

Òkúta ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, kò sì ní sọ fún ọkùnrin náà láéláé pé obìnrin yẹn ti wá kúnlẹ̀ sínú ọ́fíìsì òun lọ́jọ́ Túsìdeè, pé obìnrin náà ló kọ́kọ́ tọrọ wákàtí kan yẹn, àti pé ohun kan ṣoṣo tó mú kí òun búra lé lórí ni pé ọkọ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́ ni ìyàwó ti mọ̀.