Orúkọ Tí Aitekin Yọ Nínú Wáàsí Jímọ̀

Aláìmoore ni Aitekin, ìfẹ́ orúkọ sì ń gbẹ ẹ́ lọ́fun bí òùngbẹ. Agbo ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló ní nígbà tí Kálífà Bàgídáàdì fi ẹ̀wù oyè dúdú ránṣẹ́ sí i, tó fi í ṣe Ẹ́míà ìlú wa létí odò Tígírísì. Lọ́jọ́ náà, irínwó ẹlẹ́ṣin Tọ́kímánì gbọ́wọ́ lé Kùránì, wọ́n ní, "Níwọ̀n ìgbà tá a bá ń pe orúkọ Kálífà lórí mínbárì, àga ìwáàsí, ní Jímọ̀, tiyín ni wá." Kutlu, ẹ̀gbọ́n Aitekin, ń ṣọ́ ìlú náà láti òdìkejì odò, ó fẹ́ gbà á. Àwọn ẹlẹ́ṣin yìí nìkan ló ń bà á lẹ́rù.

Ọrọ̀ dé, ara tu Aitekin. Láràárọ̀ ni yóò jókòó sẹ́nu àgọ́, ife wàrà ẹṣin lọ́wọ́, tí yóò máa wo ìkùukùu tó ń rìn lórí omi. Ó ní ìkùukùu náà ń pe òun: Aitekin, Aitekin. Ohùn ọ̀hún dùn mọ́ ọn débi pé ó fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ.

Ó ránṣẹ́ pe Nasiru, lèmọ́mù àgbà.

"Ààfáà, Jímọ̀ tó ń bọ̀, orúkọ tèmi nìkan ni kí ẹ pè."

"Ti Kálífà ńkọ́, olúwa mi?"

"Ṣé Kálífà ló ń bá mi gun ẹṣin ni?"

Aisulu, ìyá Aitekin, tó ń rán awọ nínú àgọ́, gbọ́ ọ. "Ọmọ mi, odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Ta ló fún ọ lẹ́wù tó o wọ̀ yẹn?"

"Ìyá mi, ẹ máa rán awọ yín jàre."

Jímọ̀ pé. Lèmọ́mù pe orúkọ Aitekin nìkan, kò pe ti Kálífà. Àwọn ẹlẹ́ṣin dìde, wọ́n jáde. Aitekin dijú bí ẹni tó ń lá àlá dáadáa. Nígbà tó fi máa jáde, àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń ká àgọ́ wọn.

"Bugra, níbo lẹ̀ ń lọ? Ṣé ẹ fẹ́ kí Kutlu pa mí ni?"

Bugra, olórí wọn, rẹ́rìn-ín. "Orúkọ tá a fi búra lẹ yọ, olúwa mi. Ìbúra tán nìyẹn. Ẹ ní kí ìkùukùu wá bá yín jagun."

Kí oòrùn tó wọ̀, Kutlu ti sọdá. Kò sẹ́ni tó ta ọfà kan. Ó bọ́ ẹ̀wù dúdú lára àbúrò rẹ̀, ó fún un ní ọ̀pá darandaran. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mo rántí èsì tó fún ìyá rẹ̀. Títí dòní, láfẹ̀mọ́júmọ́, a máa ń gbọ́ ọ láàárín ewúrẹ́ eléwúrẹ́, tó ń pe orúkọ ara rẹ̀ sójú omi. Ìkùukùu ò jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Oore tí wọ́n ṣe wá ló ń gbé wa ró níbi tí ojú wa ò tó. Ẹni tó bá fẹ́ pa orúkọ olóore rẹ̀ rẹ́, kó kọ́kọ́ wo ohun tó so mọ́ orúkọ náà, torí ó lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló so mọ́ ọn.